Apá Kejì àti Ìyá Ìṣirò

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni ní ìtàn ní yunifásítì pé iṣẹ́ alárinà ni màá ṣe lẹ́yìn tí mo bá fẹ̀yìn tì, ǹ bá ti ní kí onítọ̀hún lọ sùn, bóyá ara rẹ̀ ò yá ni. Alárinà, ní ọjọ́ orí mi, pẹ̀lú gíláàsì ojú méjì nínú báàgì àti ẹ̀yìn tó ń ro mí. Àwọn tí mo sì ń ṣe alárinà fún kì í ṣe ọmọdé tí ojú ń kán. Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, obìnrin náà kù díẹ̀ kó bá a níbẹ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́n ju bó ti yẹ lọ, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa ló kó wọn pọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì tó ti fẹ̀yìn tì ni, èmi ni mò ń ṣe akọ̀wé rẹ̀, ó sì ti pẹ́ débi pé Akọ̀wé ti di orúkọ mi lẹ́nu gbogbo wọn. Wọ́n fún wa ní yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé, níbi tí wọ́n máa ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ sí tẹ́lẹ̀. Òórùn bébà ogbó ò tíì kúrò níbẹ̀ títí dòní. A ní àga oníke, a ní kẹ́tùlù, a ní pátákó ìkọ̀wé kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, fèrèsé ńlá kan sì wà tó kọjú sí pápá ìṣeré.

Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìjà ni ìpàdé wa. Ẹ kó àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ sínú yàrá kan, kí ẹ wá wò ó. Onímọ̀ òkúta á dìde, á sọ̀rọ̀ òkúta títí tíì á fi tutù. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé á ní kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la ní ẹnu, kò sí ẹni tó ní etí. Nígbà tó sú mi, mo gbé òfin kan kalẹ̀, pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́ wa ní ohun tó fi jẹun nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Nǹkan mìíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó fi kọ́ wa, kí òun náà sì jókòó kọ́ ohun tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n kùn, wọ́n ní ìjọba ológun ni mò ń ṣe. Kò pẹ́ tí dókítà oníṣẹ́ abẹ fi ń kọ́ wa ní aṣọ rírán, tí onímọ̀ òkúta ń kọ́ wa ní orin, tí àwa àgbàlagbà wá ń fi ara wa rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé ìwé.

Obìnrin tí mò ń sọ yìí, ìṣirò ló fi jẹun. Ìyá Ìṣirò ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ ọ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà tí a ti jọ gba iṣẹ́. Ìlúwẹ̀ẹ́ ló ní òun á kọ́ wa, nínú adágún tí yunifásítì gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó bá sì wojú èèyàn, èèyàn á rò pé òun ti kọ ìdáhùn tí kò pé. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Kó tó kú, ó dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọdún gbọọrọ, ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ìjà yìí dá lé.

Ọkùnrin náà ní tirẹ̀, òfin ló kọ́ni. Ọ̀pọ̀ adájọ́ tó wà lórí àga lónìí, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá. Àṣà kan ló ní tó ń pa gbogbo wa lára: kò sí ohun tí èèyàn máa sọ tí kò ní ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, kó ní, "Ẹ jẹ́ ká wo apá kejì." Ẹ ní tíì yìí dùn, á wo apá kejì. Ẹ ní òjò fẹ́ rọ̀, á wo apá kejì. Ó ní bí òun ṣe kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun nìyẹn, pé kí wọ́n kọ́kọ́ bá alátakò wọn ro ẹjọ́ tirẹ̀, kí wọ́n rò ó ju bí alátakò fúnra rẹ̀ ṣe lè rò ó lọ, kí wọ́n tó wá ro tiwọn. Apá Kejì la sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí tipẹ́, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ń gbé lókèèrè. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ò dára, dókítà ló ní kó máa lúwẹ̀ẹ́. Bó ṣe dé kíláàsì Ìyá Ìṣirò nìyẹn.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ki ẹsẹ̀ bọ omi níwọ̀nba. Apá Kejì wọ inú omi dé àyà, ó di irin tó yí ẹ̀gbẹ́ adágún ká mú, kò sì fi í sílẹ̀. Ìyá Ìṣirò ní kó tú ọwọ́, kó sùn sórí omi, òun á fi ọwọ́ gbé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ọkùnrin náà ní, "tí mo bá tú u sílẹ̀, kí ló fi dá mi lójú pé mi ò ní rì?"

"Kò sí ohun tó máa fi dá yín lójú. Ẹ tú u sílẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká wo apá kejì."

"Omi ò ní apá kejì, sà. Ẹ tú ọwọ́ yín."

Kò tú u. Kò tú u lọ́sẹ̀ yẹn, kò tú u lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Àwọn yòókù kọ́ ọ títí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ṣì di irin mú, ó ń ta ẹsẹ̀ nínú omi, ó ń bá olùkọ́ rẹ̀ jiyàn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Ìyá Ìṣirò, tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ fún ẹnikẹ́ni, kò lé e. Tí kíláàsì bá parí, àwọn méjèèjì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ omi, wọ́n á fi aṣọ ìnura bo èjìká, wọ́n á máa mu tíì nínú fúláàsì kan. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ ẹ̀rín láti ibẹ̀. Mo yí ọrùn padà, Ìyá Ìṣirò ló ń rín in. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi. Omi bọ́ lójú mi, mo sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kòkòrò ló wọ̀ mí lójú.

*

Oṣù mélòó kan kọjá, ni Apá Kejì bá wá bá mi nílé. Ó wọ kóòtù lọ́sàn-án gangan, ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó wá wá iṣẹ́. Ó sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ó sọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀. Mo ní tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Ìṣirò ló bá wá, kó sọ ọ́, ìkòkò mi wà lórí iná. Ó ti gíláàsì sókè. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá ó tọ́ sí òun láti béèrè. Ó ní tí òun bá béèrè tó sì kọ̀, òun á pàdánù tíì ẹ̀gbẹ́ omi yẹn, kò sì sí ohun tí òun ń retí láàárín ọ̀sẹ̀ tó jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní kó máa lọ sílé, kó fi ìyókù sílẹ̀ fún mi.

Mo bá ọ̀rẹ́ mi nínú yàrá ìdáná rẹ̀, ó ń fọ ife. Mi ò fi ọ̀rọ̀ pamọ́, mo ní Apá Kejì ní òun fẹ́ fi í ṣaya. Kò wẹ̀yìn. Ó fọ ife kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi mí pé ṣé òun ò ti dàgbà jù. Mo ní fún kí ni. Ó ní fún kí àyà òun máa lù báyìí.

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó, ẹ̀rín sì lọ lójú rẹ̀. "Dókítà ńkọ́?" ó ní.

Dókítà la máa ń pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Dókítà àwọn ọmọdé ni ní ìlú mìíràn. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ló ti ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó ti kun yàrá kan sílẹ̀ dè é, ó ti gbé kọ́tìnnì kọ́ síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ sì ti ṣèlérí pé tí ẹgbẹ́ wa bá parí ẹ̀kọ́ ọdún yìí, òun á wá. Ọjọ́ yẹn ò jìnnà mọ́. Bí Ìyá Ìṣirò bá lọ, ó lọ nìyẹn, gbogbo wa mọ̀.

Ìyá Ìṣirò sọ ọ̀rọ̀ náà fún un lórí fóònù. Ọmọ náà ò pariwo, ó kàn ní òun ń bọ̀. Ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn ló dé, ó sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ sinmi ní yàrá kó tó fi ọwọ́ pè mí wá sí pálọ̀. Ọmọ tí mo gbé jó nígbà tó wà ní kékeré ni. Ó fún mi ní omi, ó kúnlẹ̀ gbé e fún mi, ó wá jókòó kọjú sí mi.

"Mọ́mì," ó ní, "mi ò kórìíra bàbá yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà rí màmá mi nígbà tí Dádì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ rí bí ẹ̀yìn ṣe ń ro wọ́n. Ẹ rí bí wọ́n ṣe ń sùn lórí ìjókòó. Èmi tí mo jẹ́ dókítà, mo wà níbẹ̀, mi ò rí nǹkan kan ṣe sí i. Bàbá tí wọ́n fẹ́ fẹ́ yìí dàgbà jù wọ́n lọ, ó sì ń tiro. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ni yóò gbé ta ni? Ẹ sọ fún mi, Mọ́mì. Ta ni yóò gbé ta ni?"

Mo mu omi náà tán. Mo ń lọ sílé, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀, mo ń bi ara mi pé bóyá ọmọ yìí ló tọ̀nà, bóyá èmi ni mò ń ti ọ̀rẹ́ mi sínú ohun tó ti jàjà jáde nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo ròyìn fún Apá Kejì, mo rò pé á bínú. Kò bínú. Ó ní ọmọ náà yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ó ní kí àwa mẹ́rin pàdé nínú yàrá ẹgbẹ́, kí èmi ṣe alága, kí oníkálukú sọ tirẹ̀. Mo bi í pé ṣé ilé ẹjọ́ ni. Ó ní ọ̀nà tí òun mọ̀ láti bọ̀wọ̀ fún èèyàn nìyẹn.

*

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Dókítà jókòó sí apá kan tábìlì, ó ka ọwọ́ lérí àyà. Ìyá Ìṣirò jókòó létí fèrèsé, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé kan tí mo mọ̀ pé kì í dédé wọ̀. Èmi wà láàárín. Mo ní kí Apá Kejì bẹ̀rẹ̀, ó dìde, ó sì lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó jókòó, pé ìyàwó ló wá fẹ́, kì í ṣe kíláàsì. Ó ti ti gíláàsì sókè.

Ó ní kí òun tó sọ tòun, òun fẹ́ kọ́kọ́ bá Dókítà ro ẹjọ́ tirẹ̀, kó lè mọ̀ pé òun gbọ́ ọ yé. Èrò rẹ̀ dára, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọkùnrin tó ti dé ọjọ́ orí òun, kò sí ẹni tó lè fi ọdún kan péré dá a lójú. Ó ní bàbá òun rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kú, ẹ̀gbọ́n òun náà sì ti wà lójú ọ̀nà ibẹ̀ báyìí. Dókítà ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, àwa náà ò gbọ́ ọ rí. Ó ní orúnkún òun kan ti lọ, èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní obìnrin tó jókòó létí fèrèsé yìí ti ru ẹrù tó tó ẹni méjì rù, yàrá kan sì wà tí wọ́n ti kùn dè é, níbi tí àwọn ẹlòmíràn á ti máa tọ́jú obìnrin náà, tí àwọn ọmọ-ọmọ á máa sá wọlé sá jáde.

Ohùn rẹ̀ tutù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń to ara wọn tẹ̀léra. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ibi tó burú sí nìyẹn. Dókítà ti sọ ọwọ́ kalẹ̀, ojú ọmọ náà ti rọ̀, ó ń fi ìka nu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Apá Kejì yí sí i, ó béèrè èyí tó kẹ́yìn bí ẹni tó ń bi ara rẹ̀:

"Ẹni tó bá ní òun fẹ́ràn irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ṣé ìfẹ́ ló ń jẹ́ tó bá dá a dúró torí kó lè rí ẹni tì í lẹ́yìn?"

Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Kò mi, kò yí ojú kúrò lára ọkùnrin náà. Ó ń dúró de ìyókù. Èmi náà ń dúró. Gbogbo ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo fi gbogbo ara gbàdúrà pé kó tètè wo apá kejì.

"Apá kejì," ó ní. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Òjò ń lu páànù. "Apá kejì ni pé..."

A dúró títí.

"Mo wá èsì ọ̀rọ̀ yìí," ó ní nígbẹ̀yìn, "mi ò rí i. Dókítà ló jàre." Ó sì jókòó.

Ìyá Ìṣirò yíjú sí mi, èmi alága, ó bi mí pé ṣé ìpàdé ti parí. Ó ní ó dáa, òun ti gbọ́. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó rọra ti àga rẹ̀ sábẹ́ tábìlì bó ṣe máa ń ṣe, ó sì jáde. Ọmọ rẹ̀ ké tẹ̀lé e pé òjò ń rọ̀. Láti ojú fèrèsé la ti rí i tó ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá, aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn lẹ̀ mọ́ ọn lára, kò sáré, kò sì ya ibì kan.

Dókítà náà dìde. Ó ti borí, ṣùgbọ́n kò jọ ẹni tó borí. Ó kí wa, ó sá tẹ̀lé ìyá rẹ̀.

Mo wá dojú kọ Apá Kejì. Mo bi í pé kí ló ṣe yìí. Ó ní òtítọ́ ni òun sọ.

"Ta ló bi yín ní òtítọ́?" mo ní. "Ìyàwó lẹ wá fẹ́."

*

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ìṣirò ò yọjú sí adágún mọ́. Ó ń di ẹrù. Mo ń lọ, mo ń bọ̀ láàárín ilé méjèèjì títí bàtà mi fi jẹ lẹ́yìn. Apá Kejì ní kí n bá òun tọrọ àforíjì, ìyẹn ní kí n sọ fún un pé kò ṣẹ̀. Apá Kejì ní kí n béèrè bóyá òun lè wá kí i, ìyẹn ní ọwọ́ òun dí. Ọkùnrin náà gbẹ sí i. Ọjọ́ kíláàsì á pé, á wá sí ẹ̀gbẹ́ omi, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, fúláàsì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní mu nínú rẹ̀. Mo fẹ́ bínú sí i, àánú rẹ̀ ò jẹ́ kí n rí i bí.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọjọ́ ìrìn àjò pé, mo bá ọ̀rẹ́ mi nínú yàrá, ó ń ká aṣọ. Mo ní mi ò fẹ́ ṣe alárinà mọ́, ó ti rẹ̀ mí, kó sọ ohun kan gbòógì tí n ó jẹ́ fún ọkùnrin yìí kí n lọ jókòó sílé mi. Ó ká aṣọ kan tán kó tó dáhùn.

"Sọ fún un pé ó mọ ẹjọ́ rò," ó ní. "Ó rojọ́ ọmọ mi, ó fẹ́ ro tirẹ̀, kò rí i rò. Èmi tí wọ́n torí mi rojọ́, mo jókòó síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí ẹni tó pè mí kí n wá jẹ́rìí. Kódà ìwọ alága."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láàárín aṣọ.

"Ẹ̀yìn mi ni gbogbo wọn ń sọ," ó tún ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ̀yìn mi, ẹ̀yìn mi. Ta ló bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń gbé ọkọ mi? Mo gbé e torí pé ó wù mí kí n gbé e. Ìgbà tí mi ò rí i gbé mọ́ ni mo tó mọ̀ pé ó rẹ̀ mí."

Mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀ fún Dókítà. Ó mi orí. Ó ní òun ti ṣèlérí fún ọmọ òun, ọmọ náà ti jìyà tirẹ̀. Ó ní yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ọkùnrin fúnra rẹ̀ ò bá rí ìdí kan tó fi yẹ kí òun dúró, ṣé òun ni kí òun wá a fún un? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì fi ọwọ́ bo ojú.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bó ṣe sọ ọ́, mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀. Apá Kejì wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Mo retí pé á ti gíláàsì sókè, ṣùgbọ́n ńṣe ló bọ́ ọ, ó dì í mú lọ́wọ́. Ó ní tí akẹ́kọ̀ọ́ òun kan bá rojọ́ tí kò pe ẹlẹ́rìí tó ṣe pàtàkì jù, òun kì í jẹ́ kó yege. Ó bi mí lọ́jọ́ tí Ìyá Ìṣirò máa lọ. Mo sọ ọ́ fún un. Kò rán mi níṣẹ́ kankan mọ́, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

*

Ọjọ́ tí Ìyá Ìṣirò máa lọ bọ́ sí ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wa ń parí ẹ̀kọ́ ọdún. Ẹ̀gbẹ́ adágún la ti ṣe é. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ń fi ohun tó kọ́ hàn: àwọn tó kọ́ aṣọ rírán wọ ohun tí wọ́n rán, èjìká òmíràn ga ju ìkejì lọ, àwọn olórin kọrin, ohùn wọn ò bára mu, a pàtẹ́wọ́ fún gbogbo wọn. Dókítà gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ẹrù ìyá rẹ̀ ti wà ní bùútù. Ó ní ìyá òun kàn fẹ́ dágbére ni. Ìyá Ìṣirò ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹni gbogbo. Kò wo apá ibi tí bẹ́ǹṣì wà. Kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀.

Ó kan àwọn tó kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Wọ́n lúwẹ̀ẹ́ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. A rò pé ó ti parí, ni Apá Kejì bá jáde láti yàrá ìpààrọ̀ aṣọ pẹ̀lú ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́, ó ń tiro bọ̀. Kò wọ gíláàsì. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, ó di irin mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ irin lọ díẹ̀díẹ̀, ó kọjá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lè kan ilẹ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ dìde dúró. Onímọ̀ òkúta ní kí ẹnì kan bá a sọ̀rọ̀.

Ó tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó rì. Orí rẹ̀ lọ sábẹ́ omi, ó yọ, ó ń húkọ́, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu omi. Mo ti ń ké. Ìyá Ìṣirò ti dé etí omi kí n tó mọ̀, ó ti bọ́ bàtà.

"Ẹ má bá a jà," ó ní, ohùn kíláàsì rẹ̀ ni. "Ẹ gbé àyà sókè. Ẹ wo òkè. Ẹ sùn lé e."

Ọkùnrin náà gbọ́ tirẹ̀. Ó gbé àyà sókè, ó na ọwọ́, omi sì gbé e. Kò dára ní wíwò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ń lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà lójú omi, kò sì di nǹkan kan mú. Ó ń mí gúlegúle, ó kọjú sí ojú ọ̀run, ó wá sọ̀rọ̀.

"Ẹlẹ́rìí kan wà tí mi ò pè. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí."

"Kí lẹ̀yin fẹ́?"

Ìyá Ìṣirò wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ń wò ó, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo fẹ́ dúró," Ìyá Ìṣirò ní. Omijé ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Mo fẹ́ràn yín, mo sì fẹ́ dúró. Ẹ má rò pé mi ò mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, mo mọ̀ ọ́n ju gbogbo yín lọ. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ìbéèrè. Ẹ̀yin àti ọmọ mi, ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó ti dájú ẹni tó máa kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Tó bá wá jẹ́ èmi ńkọ́? Ta ni yóò gbé mi?"

"Èmi ni," Apá Kejì ní.

A dúró. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò mọ ohun tó kù tó máa sọ. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ ọ́n. Onímọ̀ òkúta na ọrùn, dókítà oníṣẹ́ abẹ di apá mi mú, Dókítà tẹ etí sílẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Omi ń mì díẹ̀díẹ̀ yí ọkùnrin náà ká. Ó sùn sórí rẹ̀, ó ń wo òkè, kò sì sọ nǹkan kan mọ́.

Dókítà yí padà, ó ń lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ tí bùútù ṣí, mo rò pé ó fẹ́ wo ẹrù kó tó wa ọkọ̀ lọ, mo ti ń wá ohun tí n ó sọ fún ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí mo bojú wo ibẹ̀, ó ti gbé báàgì kan sọ̀ kalẹ̀ sórí koríko. Ó gbé ìkejì. Ó gbé èyí tó wúwo jù, ó fi í lé ẹ̀gbẹ́ wọn, ó sì pa bùútù dé.

Ó padà wá bá wa létí omi. Àwọn kan ti fa Apá Kejì jáde, ó dúró síbẹ̀, omi ń ro tótó lára rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, Ìyá Ìṣirò sì ti fi aṣọ ìnura bo èjìká rẹ̀. Dókítà wo orúnkún náà fún ìgbà díẹ̀, ó nu ojú rẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "lọ́jọ́ Ajé, a máa lọ ya àwòrán orúnkún yẹn. Ẹ ò lè fi í gbé màmá mi báyìí."